Ìka Méjì Inú Àtẹ́lẹwọ́

Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì

Bàbá mi àti ìyá mi,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Kí ìyá mi tó béèrè: mo ń jẹun, mo sì ń sùn. Ẹ̀wù òtútù tí ẹ rán fún mi ni mo wọ̀ tí mo fi ń kọ̀wé yìí. Apá rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Kí bàbá mi tó béèrè: rárá, ilẹ̀kùn yàrá mi kò ṣeé tì dáadáa. Ẹni tó kàn án kò bẹ̀rù Ọlọ́run.

Ibi ìfọṣọ ilé ìwòsàn ni mo ṣì wà nílẹ̀ àjèjì níbí. A ó kó aṣọ ibùsùn jáde nínú ẹ̀rọ, a ó nà án, a ó ká a, a ó tò ó. Nígbà mìíràn, mo máa ń ká aṣọ lójú oorun.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ ló mú mi gbé kálámù. Bàbá, mo ti rí àwọn onígìtá. Òṣìṣẹ́ bíi tèmi ni wọ́n, kò sí ẹni tó ń fi orin jẹun nínú wọn. Tó bá di ọ̀sán Sátidé, tí àwọn ẹ̀rọ bá ti dákẹ́, wọ́n á gbé gìtá wọn wá sí yàrá tí a ti ń ká aṣọ, wọ́n á da ojú agbọ̀n dé, wọ́n á jókòó lé e. Púlọ́ńbà ilé ìwòsàn ni olórí wọn, bàbá àgbà kan tí orí rẹ̀ ń dán. "Má sáré" ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, Má-Sáré náà ni mo sì sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n tó ní ìgboyà láti wọlé. Lọ́jọ́ tí mo wọlé, wọ́n gbé gìtá kan fún mi, mo sì ta díẹ̀ nínú orin yín, èyí tí ẹ kọ fún ìyá mi. Aṣọ́nà, ọ̀kan nínú wọn tó ń mu tíì, gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní ta ló kọ́ mi. Mo ní bàbá mi ni, káfíńtà ni.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n wá sọ. Lóṣù kẹsàn-án, wọ́n máa ń ṣeré ní yàrá ìjẹun ilé ìwòsàn, níwájú àwọn aláìsàn àti dókítà. Wọ́n fẹ́ kí n dá ta orin yẹn, èmi nìkan. Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ kọ bí orin náà ṣe lọ ránṣẹ́ sí mi. Mo ti gbàgbé ibi tó pọ̀ nínú rẹ̀.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Ọmọ Káfíńtà,

A dúpẹ́ pé àlàáfíà lo wà. Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo kà á fún ìyá rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Mo kà á fún bábà, agẹrun tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tèmi. Ọkùnrin kan wá gba àga tí mo kàn fún un, mi ò jẹ́ kó gbé e títí mo fi kà á fún òun náà tán. Bí ọmọ ẹni bá dára, ká wí.

Ìyá rẹ ní kò sóhun tó ṣe apá ẹ̀wù yẹn. Ó ní apá tìrẹ ni kò dọ́gba.

Bá mi kí Má-Sáré. Ẹni tó ń ṣe omi àti ẹni tó ń ṣe igi, àwa la mọ ohun tí sùúrù jẹ́. Tí wọ́n bá sì tún béèrè ẹni tó kọ́ ọ, sọ ọ́ fún wọn kó yé wọn. Sọ pé ayùn oníná gba ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún bàbá rẹ ní ọdún kan kí a tó bí ọ, ìka àárín àti èyí tó tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n kò gba gìtá. Sọ fún wọn pé Oníka-Mẹ́jọ ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, mo sì ń dáhùn.

Ní ti orin náà, mi ò lè kọ ọ́ bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ń kọ orin. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ojú fèrèsé ni ìyá rẹ máa ń gbé máṣínnì ìránṣọ rẹ̀ sí nígbà yẹn, èmi wà ní òdìkejì títì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí máṣínnì ni mo sì fi wọn orin náà. Nítorí náà, jẹ́ kí àtàńpàkò rẹ máa rìn lórí àwọn okùn tó nípọn bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń ránṣọ, kí ìka ìlábẹ̀ máa sọ̀rọ̀ lórí àwọn tó tínrín. Ní ẹsẹ kẹta, ibì kan wà tí orin á dúró díẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Má jẹ́ kó dẹ́rù bà ọ́. Dúró níbẹ̀, ka ení, kó o máa lọ.

Kí púlọ́ńbà yẹn bá ọ wo ilẹ̀kùn yàrá rẹ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdè rẹ̀ ló ti tú.

Bàbá rẹ, Oníka-Mẹ́jọ.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí lẹ́tà yín gbà, ó pa mí lẹ́rìn-ín, mo sì fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń ta orin yín lọ́wọ́, Má-Sáré tẹjú mọ́ ọwọ́ mi. Ó ní, "Kí ló ṣe ìka rẹ?" Mo wo ọwọ́ ara mi. Bàbá, ìka àárín mi àti èyí tó tẹ̀lé e ká wọnú àtẹ́lẹwọ́, wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn pinpin, àtàńpàkò àti ìka ìlábẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Mi ò mọ̀ rí pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ta á. Mo gbójú sókè, mo wo ọwọ́ àwọn yòókù. Gbogbo ìka wọn ló nà jáde.

Ó béèrè bóyá mo farapa rí. Gbogbo yàrá ń wò mí. Kí n tó ronú, ẹnu mi ti dáhùn: mo ní ilẹ̀kùn ilé wa ló pa mí lọ́wọ́ ní kékeré. Mi ò mọ ibi tí irọ́ yẹn ti wá. Wọ́n káàánú mi débi pé aṣọ́nà ń bá mi gbé agbọ̀n aṣọ báyìí. Tí mo bá rí i tó ń bọ̀, màá yára ká ìka méjèèjì mọ́lẹ̀, màá máa fi mẹ́ta ká aṣọ ibùsùn. Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín.

Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi? Ìka mẹ́wàá ni Ọlọ́run fún mi. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo ti ń fi mẹ́jọ ta gìtá, ẹ̀yin lẹ sì jókòó níwájú mi lójoojúmọ́. Mo ti ń gbìyànjú láti na àwọn méjì yìí báyìí, wọn ò mọ̀nà. Ẹni tó kọ́ ni ni yóò tún ni ṣe. Ká ní ẹ ti kọ́ mi bó ṣe yẹ ni, ojú ì bá má tì mí láàárín àwọn èèyàn.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ. Ara wa le. Ìyá rẹ kí ọ.

Orúkọ tó wu ni là ń jẹ́ lẹ́yìn odi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe àrùn sí ara tó le. Mo ní kí o sọ fún wọn pé ayùn kò gba gìtá lọ́wọ́ bàbá rẹ. O rí i pé ìyẹn kò ṣeé sọ létí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, o sọ pé ilẹ̀kùn ni. Ilẹ̀kùn wo? Èmi ni mo kan gbogbo ilẹ̀kùn ilé yìí, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ilé ìdáná. Mo fá etí wọn, mo fi ọwọ́ pa wọ́n kí n tó gbé wọn kọ́. Kò sí èyí tó pa ọmọ mi lọ́wọ́ rí.

O ní mi ò kọ́ ọ bó ṣe yẹ. Ó dáa. Mo ti gbé gìtá kọ́ ara ìṣó. Jẹ́ kí àwọn tó ní ìka mẹ́wàá kọ́ ọ.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. Mi ò fi sọ lásán, orí símẹ́ńtì yàrá mi ni mo wà, ìwé wà lórí ibùsùn.

Òótọ́ lẹ sọ. Kò sí ilẹ̀kùn kan nílé wa tó ń ké, kò sí èyí tó ń há. Kì í ṣe pé mò ń tijú yín, bàbá. Ọwọ́ ara mi ló yà mí lẹ́nu, ẹnu mi sì sá ṣíwájú ọpọlọ. Ẹyin lohùn, mo mọ̀, ó ti bọ́. Sátidé tó ń bọ̀ ni màá sọ òótọ́ fún wọn, kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín tó bá wù wọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi gìtá yẹn sára ìṣó. Ìyá mi, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí mo ti kọ̀wé. Lójoojúmọ́ ni mò ń béèrè lẹ́tà, àwọn tó ń pín in ti ń mi orí kí n tó lanu. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ bóyá ara yín le.

Mo sọ òótọ́ fún wọn. Mo sọ ti ayùn, mo sọ ti ẹni ọdún mẹ́fà tó jókòó lórí pákó, tó ń wo bàbá rẹ̀, tó rò pé bí wọ́n ṣe ń di ọwọ́ mú nìyẹn. Mo ń retí ẹ̀rín. Aṣọ́nà nìkan ló sọ̀rọ̀, ó ní kí n yáa máa gbé agbọ̀n mi fúnra mi. Má-Sáré ní kí n tún orin náà ta, kí n má na ìka kankan, kí n ta á bí bàbá mi ṣe ń ta á gẹ́lẹ́. Mo ta á tán. Ó ní kí n má fipá mú ìka wọ̀nyẹn jáde, ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ló béèrè nǹkan mìíràn. Ó ní ibi tí mo ti dúró ní ẹsẹ kẹta ńkọ́? Mo ní orin ń sinmi níbẹ̀ ni. Ó mi orí. Ó ní, "Ìsinmi kọ́ nìyẹn. Ẹnì kan fẹ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ."

Mò ń béèrè, bàbá. Mo sì ti pinnu pé bí ẹ kò bá dáhùn, mi ò ní ta orin náà lóṣù kẹsàn-án. Ẹ̀yin lẹ ni ín. Màá jókòó sáàárín àwọn aláìsàn, màá máa gbọ́ ti àwọn yòókù.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù keje

Ọmọ Káfíńtà,

Òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Mo ju tèmi, mo sì ti ń wá a kiri láti ìgbà yẹn. Ìyá rẹ ló fi kálámù sí mi lọ́wọ́ lónìí. Ó ní láti ìgbà tí gìtá ti wà lára ìṣó, òun kò mọ ohun tí òun á fi ẹsẹ̀ òun bá rìn mọ́ lórí máṣínnì. Ó ní òun rán ṣòkòtò kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yà sọ́tùn-ún. Ó ní ẹ̀bi mi ni.

Má ṣe jókòó sáàárín àwọn aláìsàn. Jẹ́ kí n sọ ohun tó yẹ kí n ti sọ.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni mo ti rí i. Òjò ń rọ̀, ilé ìwé wà ní ìsinmi, o jókòó sórí pákó níwájú mi, o gba gìtá tó tóbi jù ọ́ lọ, o sì ká ìka méjì yẹn mọ́lẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, ọmọ mi, mo sì ń wò ọ́. Mo ní màá tọ́ ọ sọ́nà lọ́la. Bábà yọjú, ó rí ọ, ó ní, "Oníka-Mẹ́jọ, ọmọ yìí ti wò ọ́ wò ọ́ o." Ọkàn mi kún. Títí di ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá wo ọwọ́ mi á yára gbójú kúrò. Ìwọ wò ó, o sì rò pé bí ó ṣe yẹ kí ọwọ́ rí nìyẹn. Inú mi dùn jù, mi ò lè tún un ṣe. Ọ̀la náà kò sì dé mọ́. Ẹ̀bi tèmi ni, kì í ṣe tìrẹ, mo sì bẹ̀ ọ́.

Má-Sáré ní etí. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n rèé, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó béèrè. Ohùn kan wà níbẹ̀ kí ayùn tó dé. Ẹyọ kan péré ni. Àtàńpàkò àti ìka ìlábẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn, wọn ò lè yà sí i, ìka tó tẹ̀lé ti àárín ló máa ń fà á. Nígbà tí ìka náà lọ, mi ò fi nǹkan mìíràn dí ibẹ̀. Mo kàn máa ń dúró dè é. Ìyá rẹ mọ̀, kò sọ ọ́ rí.

Okùn tó tínrín jù ni. Fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn irin kẹta tó dábùú ọrùn gìtá, kí o sì fà á lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ẹ́. Bó o bá fà á tagbára-tagbára, á dà bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Lọ ta orin mi. Mo fún ọ láṣẹ.

Bàbá rẹ, Oníka-Mẹ́jọ.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi àti ìyá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Káséètì eré wa wà nínú àpò ìwé yìí, ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ oòrùn.

Láti oṣù keje ni mo ti ń fi ìka kan ṣoṣo yẹn ṣe eré ìdárayá. Nídìí iṣẹ́, nínú bọ́ọ̀sì, lórí ìbòrí ibùsùn. Á jáde, á gbọ̀n, á tún sá padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló gbà kó tó mọ̀nà ilé.

Ọ̀sán àná la ṣe eré orin náà. Wọ́n ti tábìlì yàrá ìjẹun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n gbé àwọn aláìsàn wá lórí kẹ̀kẹ́, àwọn nọ́ọ̀sì dúró lẹ́yìn, dókítà méjì wá, wọn ò sì tètè lọ. A jọ ta orin mẹ́rin. Ọ̀kan nínú okùn gìtá aṣọ́nà já láàárín ìkejì, ó fi márùn-ún yòókù ta á parí, mo sì sọ fún un pé ẹ̀yin ì bá fẹ́ràn rẹ̀. Ìgbà náà ló kàn mí. Mo dìde kí n tó jókòó. Mo ní, "Bàbá mi ló ni orin yìí. Káfíńtà ni. Ayùn gba ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, kò gba gìtá. Oníka-Mẹ́jọ ni wọ́n ń pè é." Mo sọ ọ́ kó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó sẹ́yìn jù.

Mo ká ìka méjèèjì mọ́lẹ̀, mo ta á bí ẹ ṣe kọ́ mi. Má-Sáré ní kí n na gbogbo wọn tó bá wù mí, mo ní rárá, èyí ni ọwọ́ orin náà. Nígbà tí mo dé ẹsẹ kẹta, mo la ọwọ́. Ìka kan jáde, ó ṣe tirẹ̀, ó padà sílé. Mi ò ní sọ bó ṣe dún fún yín, ẹ ó gbọ́ ọ.

Bàbá kan wà níwájú tí wọ́n fi báńdéèjì wé ọwọ́ rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Lẹ́yìn tí a ṣe tán, ó ní kí n tún orúkọ yín pè fún òun. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta, títí ó fi mọ̀ ọ́n pè.

Bàbá, mò ń fi yín yangàn níbi gbogbo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ gìtá kúrò lára ìṣó.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá

Ọmọ Káfíńtà,

Káséètì dé láyọ̀. Mo yá rédíò bábà, mo gbé e sórí tábìlì ìyá rẹ. Aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ kan ló ń rán lọ́wọ́, ó ní kí n má dá òun dúró, òun lè máa gbọ́ kí òun sì máa ránṣọ.

Mo gbọ́ ohùn rẹ. Mi ò gbọ́ èdè tí o ń sọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́ Oníka-Mẹ́jọ láàárín rẹ̀, o pè é ketekete. Orin bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ lórí máṣínnì bá àtàńpàkò rẹ rìn láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò rò pé òun alára mọ̀. Ẹsẹ kìíní lọ, ìkejì lọ. Nígbà tó ku díẹ̀ kí o dé ibẹ̀, mo di etí tábìlì mú.

Ohùn náà wọlé. Máṣínnì dúró. Ìyá rẹ kò yíjú, ó ní, "Ó ti dé." Lẹ́yìn náà, ó fi aṣọ ilé ìwé ọmọ ọlọ́mọ nu ojú rẹ̀, ó sì ní kí n dá káséètì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ la gbọ́ ọ lánàá. Bábà wá gba rédíò rẹ̀, òun náà jókòó gbọ́, ó sì gbàgbé rédíò sílẹ̀ nígbà tó ń lọ. Mi ò rán an létí.

Mo lọ́mọ. Mo fẹ́ kí o rí i lórí ìwé, kó o lè máa tún un kà.

Mo yọ gìtá kúrò lára ìṣó láàárọ̀ yìí. Okùn rẹ̀ ti dẹ̀, mo sì tún un fà títí ohùn rẹ̀ fi bá tìrẹ mu. Mo ti rí ọ̀nà tí a ó fi máa jọ ta á. Màá fi káséètì sí rédíò, màá sì máa bá ọ ta á lọ, ìwọ lọ́hùn-ún, èmi níhìn-ín. Tí a bá dé ẹsẹ kẹta, màá dúró níbi tí mo máa ń dúró, ìka rẹ á sì wọlé. Ìka méjì tí ayùn gbà, ọwọ́ rẹ ni wọ́n wà báyìí.

Bàbá rẹ, Oníka-Mẹ́wàá.